Bí Oyèlárán Ṣe Gbé Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Jáde Bí Ilé Rẹ́ńtì

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Ifẹ̀ ni ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Ohun tí gbogbo ayé kò mọ̀ ni pé kí ojúmọ́ náà tó mọ́ tán, Oyèlárán á ti mú èèyàn mẹ́ta lọ wo yàrá kan lẹ́yìn ilé epo, á sì ti búra fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pé ẹni náà ni òun kọ́kọ́ fi yàrá náà lọ̀. Ajẹ́ńtì ilé ni. Ọmọ Ifẹ̀ ni, ó ti lé díẹ̀ ní ọdún márùndínlógójì, ó láya, ó bímọ, ẹnu rẹ̀ ló sì fi ń bọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò bá gbé Ifẹ̀ rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pọ̀ ju yàrá inú ọgbà wọn lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ìgboro, ẹni tó bá sì ń wá yàrá nígboro, ọ̀dọ̀ Oyèlárán àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa já sí. Bí yàrá bá wà nínú igbó, Oyèlárán á ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Bí kànga bá gbẹ, á ní kànga náà jìn. Bí òrùlé bá ń jò, á ní onílé ti lọ ra páànù. Ẹ ò gbọdọ̀ pè é ní irọ́ níwájú rẹ̀ o. Ó ní òun kàn ń sọ bí ilé náà ṣe máa rí lọ́jọ́ iwájú, ẹni tó bá gba ilé náà ni kó ní sùúrù.

Òfin kan ṣoṣo wà tí kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Onílé àti ẹni tó fẹ́ gbalé kò gbọdọ̀ ríra títí ọ̀rọ̀ á fi parí. Bí onílé bá jókòó sí pálọ̀, Oyèlárán á ní wọ́n ti lọ sóko. Bí ẹni tó fẹ́ gbalé bá bèèrè nọ́ńbà onílé, á ní bàbá náà kì í gbé fóònù. Ìdí rẹ̀ kò le. Bí àwọn méjèèjì bá fi lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi rí i pé àwọn kò nílò ẹni tó wà láàárín. Àwọn àgbà ló ní bí ojú bá mọjú tán, alárenà á yẹ̀bá. Oyèlárán gbọ́ òwe náà láti kékeré, ó sì pinnu pé òun ò ní yẹ̀bá fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ni Ìyá Fikáyọ̀. Ike ni mò ń tà lójú ọ̀nà Sábó, bọ́kẹ́ẹ̀tì, kọ́ọ̀pù, búùtà àlùwàlá, abọ́ tí wọ́n fi ń fọṣọ. Èmi kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí á jẹ́rìí mi. Àmọ́ pákó ni wọ́n fi pín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Mojíre ẹlẹ́ja, pákó náà sì ti sán láti ìgbà òjò tó kọjá. Ṣé kí n wá fi òwú di etí mi ni? Ohun tí mo bá gbọ́, mo gbọ́ ọ nìyẹn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni Akínkúnlé. Òdìkejì títì ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà, ó fara ti ọ́fíìsì Oyèlárán. Fíríìjì àti fírísà ló ń tún ṣe. Ìrẹmọ ni ilé bàbá rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ṣì ń gbé, nínú agbo ilé wọn, kò tíì gbéyàwó. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, bí ẹ bá bi í ní iye tí iṣẹ́ á jẹ́, á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ ná. Bó bá gbé etí lé fíríìjì báyìí, á sọ ohun tó ń ṣe é fún yín. Ṣùgbọ́n kó la ẹnu sọ ohun tó ń ṣe òun fúnra rẹ̀, ó di wàhálà.

Kì í ṣe pé odi ni. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni òun àti Oyèlárán ti ń bára wọn bọ̀, ìyá Akínkúnlé ló sì sọ fún mi pé nígbà náà lọ́hùn-ún, bí tíṣà bá bi Akín pé kí ni orúkọ rẹ̀, Oyèlárán ló máa dáhùn. Oyèlárán ló bá a dúnàádúrà ṣọ́ọ̀bù. Òun ló yan ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún. Òun ló sọ fún un pé fìlà kò bá orí rẹ̀ mu, láti ọjọ́ náà ni Akín kò ti dé fìlà mọ́. Ohun yòówù kí wọ́n bi í, ìdáhùn rẹ̀ kò ju, "Oyè ló mọ̀ ọ́n." Ẹni tó bá fi ẹnu rẹ̀ yá ọ̀rẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, ọjọ́ tó bá fẹ́ gbà á padà ló máa mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ti sọ ọ́ di ti ara rẹ̀. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lórí èyí lẹ́ẹ̀kan, ó ní òótọ́ ni mo sọ, kò sì sí ohun tó yí padà.

Ọdún tó kọjá ni Mojíre dé àdúgbò wa. Ọmọ Iléṣà ni. Ẹja inú yìnyín ló ń tà, títù, kòtè, ṣáwà. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, kì í jẹ́ kí omi ẹja kó jọ síwájú ìta, ẹnu rẹ̀ sì mú, kò ní bú yín, ṣùgbọ́n á bi yín ní ìbéèrè tí ẹ máa rò délé. Kò pẹ́ tó dé ni fírísà rẹ̀ dákẹ́, ẹja kún inú rẹ̀. Wọ́n pe Akínkúnlé. Ó wá, ó tú u palẹ̀, ó tún un tò, kí oòrùn tó wọ̀ fírísà ti ń kùn, ẹja kan ò bàjẹ́.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó padà wá wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún wá wò ó. Ẹ gbọ́ o, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lo fíríìjì, n kò tíì rí ẹni tó ń tún un ṣe tó ń wá kí èyí tí ara rẹ̀ le. Á gbé etí lé e, á ní ohùn rẹ̀ dára. Mojíre á ní ṣé ó dá wọn lójú? Á tún gbé etí lé e. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ń ra títù tí kò sí ẹni tó máa bá a sè é nílé. Mojíre á yan èyí tó tóbi fún un, á gé e, á fọ̀ ọ́, á wẹ̀ ẹ́ mọ́, ohun tí kì í ṣe fún èmi tí mo jẹ́ aládùúgbò. Mo rí gbogbo rẹ̀. Inú mi sì dùn, nítorí àwọn méjèèjì yẹ ara wọn.

Bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó pẹ́ bó yá, Akín ì bá sọ gbólóhùn kan. Bóyá kó tó di ọdún Iléyá. Ṣùgbọ́n ó lọ fi ọ̀rọ̀ lọ Oyèlárán. Ó ní kí ni òun lè sọ fún Mojíre tí kò ní dà bí ẹni pé òun ń yọ ọ́ lẹ́nu nídìí ọjà rẹ̀. Ìbéèrè lásán ni.  Oyèlárán dìde, ó ki ẹ̀wù bọ inú ṣòkòtò, ó ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun, ó tán.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn pákó. Ó kọ́kọ́ kí Mojíre kú ọjà. Ó yin ẹja, ó yin ṣọ́ọ̀bù, ó yin ara rẹ̀ pé òun lòun wá ṣọ́ọ̀bù náà fún un, òótọ́ sì ni. Ó wá ní òun ní ọkùnrin kan lọ́wọ́. Lọ́wọ́ ló wí o, àfi bí ẹni tó ní yàrá méjì àti pálọ̀ lọ́wọ́. Ó ní ọkùnrin náà dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí ariwo níbẹ̀ rárá. Ó ní kò sí ẹni tó gbé ibẹ̀ rí tó ba nǹkan jẹ́ sílẹ̀. Ó ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ dúró, Ìrẹmọ ni, kì í ṣe ibi tí ọmọ onílẹ̀ á ti wá dá èèyàn láàmú. Ó ní ìyá rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Mo fi ìró di ara mi lẹ́nu kí wọ́n má bàa gbọ́ ẹ̀rín mi.

Mojíre ní ta ni ọkùnrin náà. Oyèlárán ní kò kánjú. Ó tún yí i ká, yí i ká, kó tó wá rọra dárúkọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rọra dárúkọ iye tí onílé ń gbà. Ọmọbìnrin náà ti mọ̀ ṣáájú, láti ihò pákó ni mo ti rí i tó ń wo òdìkejì títì.

"Bọ̀ọ̀dá Akín?" Mojíre ní. "Ṣé ẹnu ń dun wọ́n ni? Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀."

Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Ó ní kó máa bọ̀. Kí ló tún kù? Ká ní èmi ni wọ́n fún ní iṣẹ́ yẹn jẹ́, ǹ bá ti sáré kọjá títì. Ṣùgbọ́n òfin Oyèlárán ńkọ́? Onílé àti ẹni tó fẹ́ gbalé kò gbọdọ̀ ríra. Ó padà sọ́dọ̀ Akín, ó ní ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa, obìnrin náà ń rò ó, àmọ́ kó má ṣe dé ibẹ̀ mọ́ rárá. Ó ní obìnrin tó bá ń rí ọkùnrin lójoojúmọ́ kì í mọ iyì rẹ̀. Ó ní bí Akín bá lọ síbẹ̀ báyìí, gbogbo iṣẹ́ tí òun ti ṣe ló máa bàjẹ́. Akín wo ilẹ̀. Ó ní Oyè ló mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà kò kí fírísà mọ́.

Mojíre retí rẹ̀. N kò ní parọ́, ó retí rẹ̀ dójú àmì. Ó di irun, ó wọ búláòsì tí n kò rí lọ́rùn rẹ̀ rí, ó pa títù gbọ̀ǹgbọ̀ kan mọ́ sábẹ́ yìnyín, bí oníbàárà bá nawọ́ sí i, á ní ó ti lẹ́ni tó ni ín. Bọ̀ọ̀dá Akín kò wá. Á yọjú síta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á rí Mojíre, á sì tún wọlé kíá, nítorí wọ́n ti ní kó má jẹ́ kí wọ́n rí òun. Nígbà tó rẹ ọmọ ọlọ́mọ, ó ta ẹja náà fún mi. Mo sè é, mo jẹ ẹ́, kò dùn mọ́ mi lẹ́nu. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Oyèlárán náà rí i pé ọ̀rọ̀ ń tutù. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ajẹ́ńtì ń lò bí ẹni tó fẹ́ gbalé bá ń lọ́ra. Wọ́n á ní ẹlòmíràn ti ń bèèrè yàrá náà, ó tilẹ̀ ti fẹ́ẹ́ sanwó. Ìyẹn á mú kí ẹni tó ń ronú sáré. Oyèlárán lọ bá Mojíre, ó ní kó tètè ṣe é o, akọ̀wé kan wà ní yunifásítì, obìnrin tó ní mọ́tò, tó ń bèèrè Akínkúnlé lójú méjèèjì. Ó kọjá sódìkejì, ó sọ fún Akín, ó tún wá fi yangàn fún mi, pé òṣìṣẹ́ báńkì kan ti ń wá ẹja rà lọ́dọ̀ Mojíre láràárọ̀, ẹja kọ́ ló sì ń rà. Kò sí akọ̀wé. Kò sí òṣìṣẹ́ báńkì. Ṣọ́ọ̀bù mi dojú kọ títì, bí ẹni tó wọ kóòtù bá wọ ibẹ̀ láràárọ̀, ǹ bá ti ta abọ́ fún un.

Ó dáa, yàrá kò létí, èèyàn létí. Akín gbọ́ pé òṣìṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó dúdú fún ọ́ìlì, ó ní ẹni tó dára fún un ti dé. Ó wábi jókòó sí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mẹ́hẹ. Ó tún fíríìjì ìyàwó pásítọ̀ ṣe tán, ó gbàgbé wáyà kan síta, ìyàwó pásítọ̀ ní ọpẹ́lọpẹ́ Jésù lára òun. Mojíre ní tirẹ̀ dá Oyèlárán lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí akọ̀wé máa mú un lọ, Ọlọ́run á bá wọn fi àlùbáríkà sí i. Ó ní òun kì í bá obìnrin du ọkùnrin, oníbàárà nìkan ni òun ń dù. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí Oyèlárán lọ tán, ó gé ẹja kan títí ẹja náà fi di nǹkan tí kò ṣeé tà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà ní Iléṣà tó ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó máa bọ̀ nílé, kí àwọn jọ máa tà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló gbà fún un. Bí oṣù bá ti parí, ó ń lọ. Ta ni ẹ rò pé ó sọ fún pé òun fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀? Oyèlárán ni, òun kúkú ló gbà á fún un. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀ bá wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Dípò kó káwọ́ lérí, ṣe ló fi ẹsẹ̀ wọn ṣọ́ọ̀bù, ó yẹ ògiri wò, ó bi í bóyá mítà iná náà máa dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ti ń bá ẹnì kan sọ ọ́ lórí fóònù pé ṣọ́ọ̀bù kan ń bọ̀ níta, ojú títì, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Èèyàn kan náà ni o. Apá kan ń wá ọkọ fún un, apá kan ń lé e kúrò nílùú, apá méjèèjì sì wà ní ìrẹ́pọ̀.

Inú bí mi. Mo ti sọ pé n kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ń gba ara pákó mi kọjá, èmi náà ti ní ìpín níbẹ̀. Mo fi aṣọ bo ọjà mi, mo kọjá títì. Mo bá Akín nídìí fíríìjì kan tó ti tú palẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, pé Mojíre ní kó máa bọ̀ láti ọjọ́ kìíní, pé kò sí òṣìṣẹ́ báńkì, pé wọ́n ti fún Akín fúnra rẹ̀ ní akọ̀wé yunifásítì tí kò mọ̀ rí, pé ọmọ náà ti ń di ẹrù. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé ó ń lọ. Mo ní òótọ́ ni. Ó tún na ọwọ́ padà sí fíríìjì náà.

"Akínkúnlé," mo ní, "ẹnu ẹ dà?"

Bí mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni Oyèlárán wọlé, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé onílé ṣeré lọ́wọ́. Akín bi í léèrè ohun gbogbo tí mo sọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oyèlárán kò sẹ́ ọ̀kan. Ojú kò tilẹ̀ tì í. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe ọjà nìyẹn, òun ń bá a fi kún iyì rẹ̀ ni, ẹni tó bá tètè yọjú ni wọ́n máa ń gbé lówó pọ́ọ́kú. Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni òun ti ń bá a sọ̀rọ̀, ìgbà wo ni òun ti ṣì í sọ. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó dá mi dúró.

"Bó o bá lọ fúnra ẹ, bó o ṣe rí gan-an ni wọ́n máa rí ẹ."

"Bí mo ṣe rí ńkọ́?" Akín ní.

"Kò sẹ́ni tó ń mú èèyàn lọ wo ilé tí wọn ò tíì kùn."

Mo rò pé Akín á fọ́ ọ létí. Ká sọ tòótọ́, mo sún sẹ́yìn kí n lè fún wọn láyè. Kò fọwọ́ kàn án. Ó gbé sùkúdíráìfà kalẹ̀, ó bu kẹrosíìnì sọ́wọ́, ó fi ṣan ọ́ìlì, ó tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi àkísà nù ún. Nígbà tó ń fọwọ́, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìbànújẹ́ wà lójú rẹ̀, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, kò ní ẹlòmíràn. Ó jáde, ó dúró kí ọ̀kadà kan kọjá, ó kọjá títì. Mo tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ibo ni ẹ fẹ́ kí n gbà?

Oníbàárà kan wà lọ́dọ̀ Mojíre. Akín dúró títí onítọ̀hún fi gba ẹja rẹ̀ tó lọ. Kò súnmọ́ fírísà. Ó dúró sí iwájú tábìlì tí wọ́n fi ń gé ẹja, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Mojíre, n kò mọ akọ̀wé kankan. N kò sì rán Oyèlárán ní ìkankan nínú ohun tó wá sọ fún ẹ. Òun ló ní kí n má dé ibí mọ́. Fírísà yìí, láti ọjọ́ tí mo ti tún un ṣe, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é mọ́. Ìwọ ni mò ń wá wò. Mo fẹ́ràn rẹ. Bó o bá fẹ́ẹ́ lọ, máa lọ, ṣùgbọ́n má lọ láì gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Èmi tí mo wà lẹ́yìn pákó, omi bọ́ lójú mi, mo jẹ́wọ́. Mojíre ń nu ọ̀bẹ. Kó tó dáhùn, ta ló yọ lẹ́nu ọ̀nà bí kò ṣe Oyèlárán? Ó ti mú obìnrin kan dání tó ń ta ìpara, tó fẹ́ wo ṣọ́ọ̀bù. Ó rí àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti dojú kọra.  Ó fi obìnrin onípara sílẹ̀, ó kó sí wọn láàárín, ó ní ohun tí ọ̀rẹ́ òun ń gbìyànjú láti sọ ni pé…

"Oyè," Akín ní, kò pariwo. "Mo ti sọ ọ́."

Oyèlárán panu mọ́.  Mo rò pé ó parí, pé Mojíre á rẹ́rìn-ín, ká máa wá bí a ṣe máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Iléṣà. Mo ti gbàgbé pé ọmọ yìí mọ ìbéèrè bi. Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀.

"Ẹ ní ẹ ò rán wọn, mo gbọ́. Ṣé ẹ ní kí wọ́n má wá?"

"Rárá."

"Nígbà tí wọ́n ní kí ẹ má dé ṣọ́ọ̀bù mi mọ́, tí mo ń wọ̀nà fún yín, kí lẹ sọ?"

 Akín lè parọ́ níbẹ̀. Oyèlárán ì bá ti bá a rí irọ́ tó dán wá.

"Mo ní Oyè ló mọ̀ ọ́n."

Mojíre wò ó, ó tún wo Oyèlárán, ó padà wò ó. Kò bínú. Ó burú ju ìbínú lọ, ojú ẹni tí wọ́n já kulẹ̀ ló fi ń wò ó.

"Bọ̀ọ̀dá Akín, bí mo bá wá fẹ́ yín, tí ọmọ bá ń sunkún lóru, tí ẹ̀yin àti ìyá yín bá ní èdè àìyedè pẹ̀lú mi, ṣé Bọ̀ọ̀dá Oyè náà ló máa mọ̀ ọ́n?"

 Akín wo ilẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Mo ní ó ti parí, ó ti lọ nìyẹn. Ó sì gbé ojú sókè.

"Èmi àtìwọ ni," ó ní. "Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, màá sọ fún ẹ pé n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èmi ni màá sọ ọ́."

Mojíre kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé rárá. Ó fa àpótí ìjókòó jáde lábẹ́ tábìlì, ó fi aṣọ nù ún, ó ní kó jókòó, ó ní ọ̀rọ̀ wà. Akín jókòó. Oyèlárán náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí garawa kan, ó dojú rẹ̀ dé, ó fẹ́ẹ́ fìdí lé e.

"Bọ̀ọ̀dá Oyè, ẹ ṣé," Mojíre ní. "Ẹ bá wa fa ilẹ̀kùn yẹn dé bí ẹ bá ti jáde."

Ó sì kọjú sí ara pákó, ó fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ mí pé kí èmi náà jọ̀ọ́ lọ gba atẹ́gùn níta. Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní òun mọ̀, mà.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti Oyèlárán ṣe di ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà níwájú ìta. Ohùn Akín ń wá díẹ̀díẹ̀ láti inú, èèyàn ò lè mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ọ́. Oyèlárán ń gbọ́ ọ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Obìnrin onípara tí ìdúró ti sú wá bi í pé ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, ṣé ó máa ṣófo lóòótọ́ bí oṣù bá parí, kí òun lè mọ ohun tí òun ń ṣe.

Oyèlárán la ẹnu. Ó wo ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà dé. Ó ní òun ò mọ̀, kó ní sùúrù, àwọn tó wà nínú ibẹ̀ á jáde wá fẹnu ara wọn sọ fún un.